Ilé Tó Ń Mì Lọ́jọ́ Ìdánwò

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Àrínọlá ti gbé àpótí ìjókòó síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ti kọ́kọ́ ń wọlé. Ó ṣí ìwé Fìsíìsì rẹ̀ sórí itan, ó ń ka orí tó dá lé ìgbì àti ohun tó ń mì. Aago méjì ọ̀sán ni ìdánwò, àárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi í sí, ó sì ti gbàyè níbi iṣẹ́. Kóòsì kan ṣoṣo yìí ló kù kó tó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan rí, kò yege. Ọ̀gá ilé ìwé aládàáni tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Jakande sì ti kìlọ̀ fún un pé ní táàmù tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò ní wọ kíláàsì òun mọ́.

Nínú yàrá, Mákánjúọlá ọkọ rẹ̀ ń mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà. Káfíńtà ni. Oríire kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jowú rẹ̀ sí: orí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ ilé gogoro kan tí àwọn olówó yóò máa gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jí ní ìdájí wọkọ̀ lọ sí Ìbẹ̀jú, alẹ́ á lẹ́ pátápátá kí wọ́n tó padà wálé. Òun, bó bá gbọ́ fèrè ibi iṣẹ́, á nu ẹnu, á sọ̀ kalẹ̀, ó débẹ̀. Fún ẹni tó bá mọ bí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ṣe rí láàárọ̀, oríire ńlá nìyẹn.

"Tíṣà," ó pè é láti inú yàrá, "ẹ̀kọ rẹ ti ń tutù o."

"Mò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ka ojú ìwé yìí tán."

"Ojú ìwé tí o ti ń kà láti oṣù tó kọjá? Ó yẹ kí òun náà ti dá ọ mọ̀ báyìí."

Àrínọlá rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ. Ibẹ̀ kò tíì wọ̀ ọ́ lórí rí. Ìwé ní gbogbo ohun tó bá lè mì ló ní ìwọ̀n tirẹ̀ tó máa ń mì sí, ì báà jẹ́ okùn gìtá, ì báà jẹ́ jangilọ́fà ọmọdé, ì báà jẹ́ ilé. Bí ohun mìíràn bá wá ń tì í ní ìwọ̀n yẹn gan-an, bó ti wù kí títì náà kéré tó, mímì rẹ̀ á máa pọ̀ sí i ni. Résónáǹsì lorúkọ rẹ̀. Ó ti kọ́ ọ sórí, ó lè kà á láìwòwé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí ìbéèrè padà díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọkàn rẹ̀ á dàrú.

Níbi iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n tan ẹ̀rọ kí wọ́n tó fọn fèrè, kó lè gbóná. Fáíbírò ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Kirénì ló ń gbé e rọ̀ sókè. Á fi ẹnu di orí irin pẹlẹbẹ gígùn mú, á máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì títí irin náà á fi rì sínú ẹrọ̀fọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ti ọ̀bẹ bọ iṣu tó jiná. Ó kọ́kọ́ kùn lọ́ra, ó wá ń yára sí i. Àwọn àwo tó wà lórí pẹpẹ nínú yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ Àrínọlá. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ bọ́ sí eré, ariwo rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò kan, ṣùgbọ́n àwọn àwo dákẹ́. Nígbà tí wọ́n pa á, tí eré rẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwo tún bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ tún gbọ̀n, èyí tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ, kó tó di pé gbogbo rẹ̀ rọ̀.

Àrínọlá gbójú kúrò nínú ìwé. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti dé ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀ tí òun kò fiyè sí i. Nígbà tó bá ń sáré tó ń pariwo, ilé kì í dá a lóhùn. Ìgbà tí eré rẹ̀ bá ń gòkè àti ìgbà tí eré náà bá ń rọlẹ̀, tó bá ti kan ìwọ̀n kan báyìí, ìgbà náà ni ilé máa ń mì.

Ó yé e. Ohun tí olùkọ́ ti sọ títí, tó yàwòrán rẹ̀ sójú pátákó, tí kò yé e, ó yé e wàyí lórí àpótí ìjókòó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́ lóun nìkan. Ó fẹ́ pe ọkọ rẹ̀ kó wá gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ti là kó tó rántí pé ilé tí wọ́n ń gbé ló ń mì yìí.

Ó dìde, ó wọlé, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Ògiri náà ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èékánná nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Láàárọ̀ yìí ó ti ìka bọ̀ ọ́, ìka wọlé, atẹ́gùn òde sì ń fẹ́ lù ú.

"Bàbá Tóyọ̀sí, ẹ wá wo nǹkan."

Mákánjúọlá wá, àkàrà lọ́wọ́. "Mo ti rí i. Bàbá onílé ní àwọn á rẹ́ ẹ."

"Ó ṣì ń là lọ. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rẹ́ ẹ? Ẹ jẹ́ ká kó àwọn ọmọ yìí kúrò níbí lónìí."

"Ká kó wọn lọ síbo?"

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Lákọwé."

"Ẹ̀gbọ́n mi tó ń sun ilé tí wọn kò tíì kan òrùlé rẹ̀?"

"Ó dáa. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín kí wọ́n dá ẹ̀rọ yẹn dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ wá wo ilé yìí."

"Èmi? Èmi káfíńtà? Kí n lọ bá Ẹnjiníà Akínwùmí, kí n ní ìyàwó mi ń kàwé, ìwé sì ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ?"

"Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, màá lọ sọ ní ọ́fíìsì ìjọba, lọ́dọ̀ àwọn tó máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé."

Ohùn Mákánjúọlá wálẹ̀. Bí inú bá bí i gan-an, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. "Bí wọ́n bá dé, wọ́n á ti ibi iṣẹ́ yẹn pa, gbogbo àwa tó ń jẹun níbẹ̀ á jókòó sílé. Wọ́n á sàmì sára ilé yìí náà, wọ́n á lé gbogbo èèyàn sígboro. Ta ni wọn yóò wá sọ pé ó ṣe é? Ìyàwó Mákánjúọlá."

Akínlabí, ọmọ wọn kékeré, jí, ó ń sunkún. Bàbá rẹ̀ fi àkàrà tó kù sí i lọ́wọ́, ó mú òòlù rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láìdágbére.

Tóyọ̀sí, àkọ́bí wọn, tó ń so okùn bàtà lẹ́nu ọ̀nà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Màámi, ṣé ilé yìí fẹ́ wó ni?"

"Tètè máa lọ sí ilé ìwé. Bí ẹ bá jáde, má wá síbí o. Dúró sọ́dọ̀ ọ̀gá yín títí a ó fi wá mú ọ."

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

Nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé, àwọn ayálégbé ti to kẹ́ẹ̀gì. Àrínọlá sọ ohun tó rí fún wọn. Kò fi ìwé yangàn. Ó kàn ní ẹ̀rọ yẹn ń mi ilé, ògiri òun ti là dé òde, kí oníkálùkù lọ wo tirẹ̀.

Ìyá Ṣèyílọ́lá, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ń bu omi sórí ẹ̀wà tó fẹ́ sè. "Tèmi náà là. Mo ti lẹ kàlẹ́ńdà bò ó."

"Kàlẹ́ńdà kọ́ ló ń gbé ilé dúró, Ìyá Ṣèyí."

"Mo mọ̀. Àmọ́ n kò ní máa rí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá sùn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Fúnláyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni, yàrá ìsàlẹ̀ ló ń gbé, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun sì ni. Aṣọ àdúrà rẹ̀ wà lórí okùn ní àárọ̀ náà, ó ń gbẹ. Ó ní láti ọjọ́ mélòó kan ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ òun ti ń yà kúrò lójú ìlà. Òun rò pé ojú òun ló ń ṣe é.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni Bàbá Ọdúnjọ tó ni ilé dé, bíríkìlà kan ru sìmẹ́ńtì tẹ̀lé wọn. Bàbá Ọdúnjọ ló ta ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé fún àwọn tó ń kọ́ ilé gogoro. Gbogbo ilé ló mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Àrínọlá kúnlẹ̀ kí wọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ gòkè wá wò ó."

Wọ́n gòkè. Wọ́n fọwọ́ pa ògiri náà bí ẹni ń pa ẹ̀yìn màlúù. "Ọ̀dà ló gbó. Mo ti kọ́ ilé yìí kí wọ́n tó máa pe ibí ní Lẹ́kì."

"Atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ wọlé, sà."

"Ooru kò ní mú yín nìyẹn." Bíríkìlà rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọdúnjọ kò rẹ́rìn-ín, wọ́n wo Àrínọlá dáadáa. "Ìyàwó, gbọ́. Ọmọlúàbí ni ọkọ rẹ. Bí yàrá yìí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn mọ́, ẹ sọ. Àwọn tó ń wá yàrá ń kanlẹ̀kùn mi lójoojúmọ́."

Wọ́n yíjú sí àwọn ayálégbé tó tẹ̀lé wọn gòkè. "Àbí ẹlòmíràn wà tí kò tẹ́ lọ́rùn?"

Ìyá Ṣèyílọ́lá ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan sọ pé omi òun ti kún, ó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo.

Àrínọlá wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé wà níbẹ̀, ojú ìwé tó kàn sì jẹ́ ti ìgbì inú fèrè, ìyẹn fèrè tí wọ́n dí nídìí àti èyí tí wọn kò dí. Kò kà á. Ó dìde, ó tẹ́ aṣọ ìbora sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ àwọn ọmọ sí i.

Fúnláyọ̀ nìkan ló bá a gba ẹrù ní orí àtẹ̀gùn. "Gbọ̀ngàn ìjọ wa wà ní Ajah," ó sọ. "Wòlíì máa ń gba àwọn tí omi lé nílé níbẹ̀ nígbà òjò. Mo ti fi fóònù pè wọ́n. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

Fúnláyọ̀ gbé ẹrù lé orí. "Àwọn oníbàárà mi fẹ́ gba aṣọ ní Sátidé."

Ìyá Ṣèyílọ́lá yọjú lójú wíńdò. "Tíṣà, ìwé ti wọ̀ yín lára jù!" Ohùn rẹ̀ kò níkà nínú, ṣùgbọ́n kò wá bá wọn gbé nǹkan.

Nígbà tó ku àwọn ẹrù wúwo, Àrínọlá gbé Akínlabí pọ̀n, ó lọ dúró nídìí páànù tí wọ́n fi sọgbà yí ibi iṣẹ́ ká, ó ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀. Mákánjúọlá jáde wá, eruku pákó lójú. Ó rí ẹrù nílẹ̀. Ojú rẹ̀ le.

"Ìyá Tóyọ̀sí, kí lo fi mí ṣe yìí? Níṣojú gbogbo ayé?"

"Ẹ máa bínú sí mi lọ. Ẹ dákun, ẹ yíjú, ẹ wo ilé yẹn láti ibí."

Láàárín ìgbà yẹn ni awakọ̀ ẹ̀rọ pa fáíbírò láti fi irin mìíràn sí i. Eré rẹ̀ ń rọlẹ̀. Mákánjúọlá yíjú. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí ilé. Pákó tó ń kàn ló máa ń wò. Lọ́jọ́ yìí ó rí i. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ń mì díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tó wà lórí okùn. Àlàfo kan ṣí láàárín àtẹ̀gùn àti ara ilé, ìmọ́lẹ̀ òdìkejì hàn níbẹ̀, ó tún padé. Gíláàsì wíńdò kan já bọ́ lókè, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, aṣọ funfun Fúnláyọ̀ ṣì wà lórí okùn.

Mákánjúọlá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó padà sínú ọgbà.

Àrínọlá rí i láti ibi tó dúró sí, bó ṣe ṣí fìlà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà. Kò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Ẹnjiníà Akínwùmí kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló sanwó oògùn nígbà tí ìṣó gún ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó wo ilé náà fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè, nítorí ẹ̀rọ ti tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Mákánjúọlá, ṣé èmi ni mo ni ẹ̀rọ ni? Àwọn tó yá wa ń ka gbogbo wákàtí. Lọ palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, n kò dí ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fi ẹlòmíràn sídìí pákó yẹn lónìí."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí àwọn tó wà nínú ilé kàn jáde ná."

"Ta ni yóò jáde? Ìwọ rí ẹni tó ń jáde?"

Ní tòótọ́, kò sí ẹlòmíràn. Èéfín ẹ̀wà Ìyá Ṣèyílọ́lá ń ru gba ojú wíńdò jáde.

Mákánjúọlá dé fìlà, ó mú òòlù àti ayùn rẹ̀, ó jáde kúrò nínú ọgbà. Ó kọjá lára ìyàwó rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn, ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù lóun nìkan. Àrínọlá tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ìsàlẹ̀, ó bu omi fún un. Ó mu ún tán, ó dá ike padà fún un.

"Aago mélòó ni ìdánwò rẹ?"

"Ẹ fi ìdánwò sílẹ̀."

"Aago mélòó?"

"Méjì."

"Máa lọ. Màá kó ẹrù sínú kẹ̀kẹ́, èmi àti Akínlabí á mú Tóyọ̀sí lójú ọ̀nà." Ó tún sọ̀rọ̀ láìwojú rẹ̀. "O ti ka ojú ìwé yẹn pẹ́ jù láti má lọ."

Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Olùṣọ́ ìdánwò wo eruku ògiri tó wà lára aṣọ rẹ̀, ó wo aago, ó nawọ́ sí àga kan lẹ́yìn. Àrínọlá ka gbogbo ìbéèrè láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n bi wọ́n nípa òkúta tó ń fì lórí okùn. Wọ́n bi wọ́n nípa spíríngì tí wọ́n so ẹrù mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n ṣírò bí ìgbì ṣe ń yára tó lórí wáyà. Wọ́n bi wọ́n nípa fèrè tí wọ́n dí nídìí. Kò sí résónáǹsì níbẹ̀ rárá.

Ó kọ èyí tó mọ̀. Nídìí òkúta tó ń fì, ó rí i pé òun kò há a sórí mọ́. Ó ń rí i lójú ara rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ìṣirò náà sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ti fèrè. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dúró, àyè náà ṣì wà níbẹ̀, funfun. Bóyá ó yege, bóyá kò yege, kò mọ̀. Kò sì lágbára láti rò ó.

Oòrùn ti rẹlẹ̀ nígbà tó padà sí ilé náà láti mú sítóòfù àti ike omi tí kẹ̀kẹ́ kò gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣíwọ́, ẹ̀rọ dákẹ́, àdúgbò rọ̀. Ìyá Ṣèyílọ́lá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ta ẹ̀wà.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ rọwọ́ mú? Ilé wa ṣì wà níbẹ̀ o," ó sọ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá bu ẹ̀wà sínú ọ̀rá, ó fi lé e lọ́wọ́, kò gba nǹkan kan. "Ti àwọn ọmọ ni."

Ilẹ̀kùn yàrá wọn ṣí sílẹ̀. Obìnrin ọ̀dọ́ kan wà nínú rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Ògiri ti di ọ̀tun. Sìmẹ́ńtì ara rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó ń rùn. Bẹ́ẹ̀dì onírin kan wà lẹ́bàá ògiri náà gan-an, ẹní ọmọ sì wà lórí rẹ̀.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Àǹtí," obìnrin náà kúnlẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kó jáde? Rẹ̀míláyọ̀ ni mo ń jẹ́. Ọkọ mi lọ kó ẹrù tó kù. Bàbá onílé ní ìjà lórí owó iná mànàmáná ló lé yín."

"Kì í ṣe ìjà owó iná." Àrínọlá mú sítóòfù rẹ̀ níbi tó fi í sí lẹ́nu ọ̀nà, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó sọ ohun tó wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì náà fún un, àti bí ilé ṣe ń mì, àti àlàfo tí ọkọ òun rí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Rẹ̀míláyọ̀ gbọ́ ọ tán. Ó mi ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀.

"Níbo lẹ wá ń sùn báyìí, Àǹtí?"

"Nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan, ní Ajah."

"Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ?"

"Àwa àti àwọn ọmọ."

"Inú mọ́tò la sùn ní àná àti ìjẹta," Rẹ̀míláyọ̀ sọ. "Wọ́n ní òjò ń bọ̀."

Ó gbé ìgbálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wo ògiri tuntun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo ẹní ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi. Ògiri wo ló dáa díẹ̀ níbẹ̀, Àǹtí?"

Àrínọlá nawọ́ sí ògiri òdìkejì. Rẹ̀míláyọ̀ tún ọmọ pọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú lápá kan. Àrínọlá dúró wò ó fúngbà díẹ̀. Ó gbé ẹ̀wà sílẹ̀, ó di apá kejì mú, àwọn méjèèjì sì gbé bẹ́ẹ̀dì náà kọjá sí òdìkejì yàrá.